Ta ni ó ni àwòrán: ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á, àbí ẹni tí ó sọ ọ́ di olókìkí?

Aláwọ̀Mẹ́ta kọ pé:

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ yíya èèpo ìwé ni mò ń ṣe, mo sì gbé ọ̀rọ̀ kan wá tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òǹtẹ̀wé kan gbé iṣẹ́ èèpo ìwé ìtàn-àròsọ kan fún mi, ó sì fi fọ́tò kan tí ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú fọ́tò náà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n yí àwọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ kí ó lè di tiwa. Mo gé apá ìsàlẹ̀ kúrò kí àyè lè wà fún orúkọ ìwé, mo sọ ara ọkùnrin náà di pupa bí osùn, mo sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di àwọ̀ aró, mo fi ọwọ́ ara mi fa ìlà dúdú yí i ká, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ gbogbo ẹni tí ó rí i. Ìwé jáde. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí obìnrin tí ó ya fọ́tò náà fi kọ̀wé sí mi. Kò bú mi, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: ǹjẹ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ya àwòrán yẹn?

N kò tíì dá a lóhùn. Bí mo ṣe ń wá ọ̀nà tí n ó gbà dáhùn ni mo bọ́ sórí ẹjọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo sì rí ara mi nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó wo dígí. Ní ọdún 1981, Lynn Goldsmith ya fọ́tò olórin tí ń jẹ́ Prince. Ní ọdún 1984, ìwé ìròyìn Vanity Fair san 400 dọ́là fún un kí ayàwòrán kan lè wo fọ́tò náà ya àwòrán mìíràn, fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ orúkọ Goldsmith sí i. Andy Warhol ni ayàwòrán náà. Warhol kò dúró lórí ẹyọ kan. Iṣẹ́ 16 ni ó fi fọ́tò kan ṣoṣo náà ṣe. Nígbà tí Prince kú ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ tí ó ni ìwé ìròyìn náà san 10,000 dọ́là fún àjọ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ tí Warhol fi sílẹ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó ní àwọ̀ ọsàn, ṣe èèpo ìwé ìròyìn àkànṣe. Ní ìgbà kejì yìí, Goldsmith kò rí nǹkan kan gbà, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun àti àjọ náà di ti ilé-ẹjọ́, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án sì dá Goldsmith láre.

Kì í ṣe ohun tí òfin wí nìkan ni mò ń bèèrè. Nígbà tí àwòrán kan bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí ẹni kejì sì fi nǹkan tirẹ̀ kún un, ta ni ó ni ín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣàánú mi nínú ìdáhùn yín.

Ojúlarí kọ pé:

Ọ̀gá Aláwọ̀Mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tí yóò dá yín lẹ́bi ti ń pọ́n ọ̀bẹ wọn lẹ́yìn mi.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Tótó, ó ṣe bí òwe. Bí a bá yọ ohun tí àwọn ayàwòrán yá lọ́wọ́ ara wọn kúrò nínú iṣẹ́ ọnà ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ògiri tí yóò ṣófo yóò pọ̀. Ní ọdún 1917, Marcel Duchamp mú àwo ìtọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin, ó yí i dùbúlẹ̀, ó kọ «R. Mutt» sí i lára, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àfihàn kan ní New York tí àwọn olùṣètò rẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn kò ní kọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó ìwọlé. Síbẹ̀, wọn kò gbé tirẹ̀ síta. Lónìí, ó ṣòro kí ènìyàn tó kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà òde òní kí ó sì fo àwo náà. Ṣé ẹni tí ó mọ àwo náà ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ náà ni, àbí ẹni tí ó fi í mú wa bi ara wa pé kí ni à ń pè ní iṣẹ́ ọnà?

Warhol fúnra rẹ̀ gbé àwòrán agolo ọbẹ̀ Campbell's 32 kalẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1962, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ilé iṣẹ́ náà ń tà nígbà náà. Ilé iṣẹ́ náà kò pè é lẹ́jọ́. Agolo yẹn ti wà nínú ilé ìdáná àìmọye ènìyàn kí ó tó dé ara ògiri; wọ́n kàn ń wò ó láìrí i ni. Lójú tèmi, iṣẹ́ ayàwòrán nìyẹn, kí ó mú wa rí ohun tí a ti ń wò tipẹ́. Roy Lichtenstein náà mú àwòrán kékeré inú ìwé ìtàn aláwòrán, irú ìwé tí àwọn ọmọdé ń kà tán tí wọ́n ń jù nù, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ. Kò fi àwọn àmì róbótó-róbótó tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú fi ń gbé àwọ̀ jáde pamọ́. Ńṣe ni ó sọ wọ́n di ńlá, kí a lè rí i pé bí wọ́n ṣe ń tẹ agolo ni wọ́n ṣe ń tẹ ìjà àti ìfẹ́ fún wa. Ẹni tí ó bá pe èyí ní olè kò tíì wo iṣẹ́ náà dáadáa ni.

Ọlọ́wọ́Lẹ́ẹ̀dì kọ pé:

Mo ti wò ó dáadáa, Ojúlarí, bóyá ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ìwé ìtàn aláwòrán ni mo fi ń jẹun láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn.

Ẹ padà ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ dárúkọ Duchamp, ẹ dárúkọ Warhol, ẹ dárúkọ Lichtenstein. Ẹni tí ó ya «àwòrán kékeré» yẹn ni kò ní orúkọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Irv Novick ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ya ọkọ̀ òfuurufú ogun tí ó yìnbọn lu èkejì rẹ̀ nínú ìwé All-American Men of War, ẹ̀dà 89, ọdún 1962. Láti ara rẹ̀ ni Lichtenstein ti mú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí ó pè ní Whaam! ní ọdún 1963, èyí tí ó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Tate ní London báyìí. Mo gbà pé ó yí nǹkan padà: ó tún ìtò rẹ̀ ṣe, ó sì mú díẹ̀ láti inú àwòrán mìíràn. Ṣùgbọ́n èrò pé kí ìbúgbàù gba apá ńlá nínú àwòrán, kí ọ̀rọ̀ gàdàgbà jáde láti inú iná, ẹni tí ń fi lẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́ ní kíákíá kí ó lè bá ọjọ́ ìtẹ̀wé ni ó ti yanjú rẹ̀. Iṣẹ́ Lichtenstein mìíràn tí ó jẹ́ irú rẹ̀, Nurse, tà ní gbànjo ní ọdún 2015 fún ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 95 dọ́là. Owó ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ni àwọn tí ó ń ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà nígbà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tẹ orúkọ wọn sí i, ilé iṣẹ́ ni ó sì ni ohun gbogbo tí wọ́n bá yà.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1938, ọ̀dọ́kùnrin méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ta Superman pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ fún 130 dọ́là, ìyẹn dọ́là mẹ́wàá fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ojú-ìwé 13. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ó rà á tó gbà láti máa san 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dún, tí wọ́n sì dá orúkọ wọn padà sára ohun tí wọ́n dá. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú Shuster sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ti Bill Finger tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti Bob Kane ni wọ́n jọ dá Batman, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1974, ó sì di ọdún 2015 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Kane.

Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ń fi ọwọ́ dá nǹkan, ẹni tí ó wà lókè ń fi orúkọ gbà á. A ń pe ti ìsàlẹ̀ ní ohun ìgbafẹ́, a ń pe ti òkè ní iṣẹ́ ọnà, bí ẹni pé inú àwòrán ni ìyàtọ̀ náà wà, nígbà tí ó jẹ́ pé ara ògiri tí a gbé e kọ́ ni ó wà. Ní ti Ọ̀gá Aláwọ̀Mẹ́ta, ẹ ní kí a má ṣàánú yín, n kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni obìnrin yẹn bi yín, ẹ sì ti jókòó ti ìwé òfin kí ẹ tó sọ «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́».

ÒǹkàwéÒru kọ pé:

Ọ̀rọ̀ yìí mà gbóná o. Èmi kì í ya nǹkan kan, ìwé nìkan ni mo máa ń kà, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni èèpo rẹ̀ ni mo fi ń yan èyí tí n ó kà. Mo ní ìbéèrè òpè kan. Mo ti máa ń gbọ́ pé bí ènìyàn bá ti yí ìdá kan báyìí nínú àwòrán padà, ó ti di tirẹ̀. Ìdá mélòó ni, ibo sì ni wọ́n kọ ọ́ sí?

EtíÌgbẹ́jọ́ kọ pé:

ÒǹkàwéÒru, ìbéèrè yín kì í ṣe ti òpè rárá. Àwọn tí ó ti ń ya àwòrán tà fún ogún ọdún ṣì ń gba irọ́ yẹn gbọ́. Adájọ́ kì í fi rúlà wọn àwòrán.

Ẹ wo ẹjọ́ oníṣẹ́ ọnà kan, Jeff Koons. Art Rogers ya fọ́tò dúdú-àti-funfun kan tí tọkọtaya jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ajá mẹ́jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tí wọ́n ń tà. Koons ra káàdì náà, ó ya ibi tí wọ́n kọ orúkọ onífọ́tò náà àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí kúrò, ó gbé e fún àwọn agbẹ́gilére, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Fọ́tò di ère, dúdú-àti-funfun di aláràbarà, ajá di búlúù, wọ́n fi òdòdó sí irun àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mẹ́ta nínú ère náà tà fún 367,000 dọ́là lápapọ̀. Bí ó bá jẹ́ iye ohun tí a yí padà ni òfin ń kà, ta ni ó tún yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi ní ọdún 1992. Àwíjàre rẹ̀ ni pé àwùjọ tí ó fẹ́ràn irú ohun olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ni òun fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ilé-ẹjọ́ fi dá a lóhùn, bí mo bá sọ ọ́ ní èdè ojoojúmọ́, ni pé bí ó bá jẹ́ àwùjọ ni ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni fọ́tò Rogers ṣe tí ó fi gbé e gbẹ́?

Ilé-ẹjọ́ kan náà ni ó wo ẹjọ́ Richard Prince ní ọdún 2013 (kì í ṣe olórin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan o, ayàwòrán ni). Ó ti mú àwọn fọ́tò Patrick Cariou, ó gé wọn, ó lẹ̀ wọ́n, ó kun wọ́n ní ọ̀dà. Wọ́n ní 25 nínú iṣẹ́ 30 náà wà lára ìlò tí òfin fàyè gbà láìtọrọ àyè, wọ́n dá márùn-ún yòókù padà fún àyẹ̀wò, àwọn méjèèjì sì parí ìjà wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má wá ìlà tí ó gún régé níbẹ̀.

Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ìdájọ́ ọdún 2023 ni pé kò sọ pé kí a gbé iṣẹ́ Warhol kúrò lára ògiri. Ìlò kan ṣoṣo ni àwọn adájọ́ náà gbé yẹ̀ wò, ìyẹn bí wọ́n ṣe yá ìwé ìròyìn ní àwòrán Prince láti fi ròyìn Prince, iṣẹ́ kan náà tí fọ́tò Goldsmith ń ṣe lọ́jà. Adájọ́ Sonia Sotomayor ni ó kọ ìdájọ́ náà. Adájọ́ Elena Kagan sì kọ àtakò gbígbóná, ó ní yóò pa ọgbọ́n ìṣẹ̀dá lára. Èmi gbà pẹ̀lú Sotomayor, ṣùgbọ́n mo ka ti Kagan lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Ẹ fi èyí wé tiyín, Ọ̀gá Aláwọ̀Mẹ́ta. Àwọn onífọ́tò a máa ta fọ́tò fún èèpo ìwé, èèpo ìwé náà ni ẹ sì fi í ṣe. Àwọ̀ osùn kò lè gbà yín sílẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ó kan ìrora Ọlọ́wọ́Lẹ́ẹ̀dì. Òfin ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ara wọn. Ní Róòmù ní ọdún 1928, wọ́n fi abala kan kún un tí ó sọ pé bí oníṣẹ́ bá tilẹ̀ ti ta ẹ̀tọ́ owó orí iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì lè sọ pé òun ni òun ṣe é, ó sì lè kọ̀ kí wọ́n má bà á jẹ́ lọ́nà tí yóò ba orúkọ òun jẹ́. Amẹ́ríkà kò wọ àdéhùn náà títí di ọdún 1989, òfin tí wọ́n sì ṣe lórí èyí ní ọdún 1990 kò kan ẹni tí ó yàwòrán gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ fún ilé iṣẹ́. Àlàfo yẹn ni irú Novick bọ́ sí.

Ojúlarí kọ pé:

Mo gba ìbáwí lórí Novick. Mo ti kọ̀wé lórí Whaam! rí, n kò sì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ojú tì mí nígbà tí mo padà lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín dé òpin rẹ̀. Ká ní Lichtenstein ti tọrọ àyè kí ó tó yà á, ọwọ́ ta ni ì bá ti tọrọ rẹ̀? Ilé iṣẹ́ tí ó ni ìwé náà ni. Ilé iṣẹ́ ni ì bá gba owó, Novick kò ní rí nǹkan kan. Bí ìlẹ̀kùn náà bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò ṣe máa wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ra àwòrán ní 130 dọ́là. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, a kò sì lè sọ̀rọ̀ nípa ayé wa láìfọwọ́ kan àwọn àwòrán náà. Ayàwòrán tí ó fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ ńlá yóò ha kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà bí? Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá yín yọ̀ tán lórí ìdájọ́ ọdún 2023, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tí ó ni kámẹ́rà rẹ̀ ni ó jàre níbẹ̀.

ÒǹkàwéÒru kọ pé:

Ẹ ṣeun, EtíÌgbẹ́jọ́. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín ni mo ń rántí ọ̀pọ̀lọ́ kan.

Matt Furie ya Pepe, ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé, sínú ìwé ìtàn aláwòrán ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́jẹ́ ni, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé, tí kò lépa ohunkóhun. Àwọn ènìyàn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ń ṣàwàdà, kò sì sí ẹni tí ó bínú. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó kórìíra ẹ̀yà mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ láṣọ tiwọn, títí tí àjọ Anti-Defamation League tí ó ń gbógun ti ìkórìíra fi kọ ọ́ mọ́ àwọn àmì ìkórìíra ní ọdún 2016. Ní ọdún 2017, Furie ya Pepe sínú pósí, ìyẹn ni pé ó pa ọmọ tirẹ̀. Pepe kò kú. Furie wá lo ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí rẹ̀, ó pe àwọn tí ó ń fi í pawó lẹ́jọ́, ilé iṣẹ́ Infowars sì san 15,000 dọ́là ní ọdún 2019 kí ẹjọ́ tiwọn lè parí. Ní ọdún kan náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe ìwọ́de ní Hong Kong ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan náà káàkiri ìgboro gẹ́gẹ́ bí àmì òmìnira.

Ojúlarí, ẹ sọ pé kí ilé iṣẹ́ ńlá má baà ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Furie kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀tọ́ tí ẹ ń bẹ̀rù yìí sì ni ohun ìjà kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ àwòrán rẹ̀ di èébú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ó bá ti lo ohun ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá mọ Pepe, àwọn ọmọ Hong Kong ì bá sì wá nǹkan mìíràn gbé. Mo ti ń rò ó láti òwúrọ̀, mi ò rí ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ lé. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tí ó ba Pepe jẹ́ àti àwọn tí ó fi í jà fún òmìnira kò yàtọ̀ síra nínú ohun kan: bóyá ni wọ́n mọ orúkọ Furie.

Ọlọ́wọ́Lẹ́ẹ̀dì kọ pé:

Ọ̀rọ̀ Ojúlarí lórí kọ́kọ́rọ́ gún mi lára, nítorí òtítọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ni ó ni ẹ̀dá mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, èmi fúnra mi ni mo sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè bí mo bá fẹ́ yà wọ́n fún ọjọ́ ìbí ọmọ ọ̀rẹ́ mi.

Ibi tí mo dúró sí báyìí ni pé kí wọ́n máa yá a, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti yá a. A ṣì lè mú Whaam! lọ́wọ́ kan kí a mú ojú-ìwé Novick lọ́wọ́ kejì, kí a sì rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe. Àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ ni ó ń dẹ́rù bà mí ju Lichtenstein lọ. LAION-5B, ọ̀kan nínú àkójọ tí wọ́n fi kọ́ wọn, ní ìsopọ̀ àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ó tó bílíọ̀nù 5.85. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn ayàwòrán mẹ́ta pe àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ní California. Bí ẹnì kan bá jí nǹkan lọ́wọ́ mi, mo lè na ìka sí i. Bí ó bá bu díẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, ta ni yóò na ìka, apá ibo ni yóò sì nà án sí?

EtíÌgbẹ́jọ́ kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Òun nìkan yóò gba gbogbo àyè yìí. Ọ̀gá Aláwọ̀Mẹ́ta, a ti ń bá yín wí láti ìjẹta, ẹ kò sì fọhùn. Ṣé ẹ ti dá obìnrin náà lóhùn?

Aláwọ̀Mẹ́ta kọ pé:

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́wọ́Lẹ́ẹ̀dì ni ó bà mí jù, mo sì rò pé kí n dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó ṣáájú yín kí n tó padà síbí.

Mo kọ̀wé sí i lálẹ́ ijẹta. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò mọ̀, n kò sì wá ọ̀nà láti mọ̀, èyí tí ó burú jù. N kò dárúkọ Warhol fún un. Kò tó wákàtí kan tí èsì fi dé. Owó tí ó bèèrè kò tó ìdajì ohun tí mo gbà lórí iṣẹ́ náà, mo sì ti san án. Ó ní kí orúkọ òun wà nínú ìwé. Òǹtẹ̀wé ní àwọn ẹ̀dà tí ó ti jáde ti jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ó gbà pé orúkọ náà yóò wọ ìtẹ̀jáde kejì.

Ó wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mo ní mo nílò àyè fún orúkọ ìwé. Ó ní bàbá òun ni ọkùnrin náà, ọjọ́ tí wọ́n ta ilé ni òun ya fọ́tò náà, kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, nítorí ẹni tí ó ra ilé kò tíì dé láti gbà á. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìtàn ìwé tí mo ya èèpo rẹ̀ dá lórí ẹni tí ó kó kúrò nílé tí kò sì lè padà síbẹ̀ mọ́. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó yà á. Mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń wá àmì kan tí yóò gbé ìtàn náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi gé e dà nù ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ èèpo tuntun. Ó ti fi odidi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ó mọ́ dáadáa, orúkọ ìwé sì ti gòkè lọ sí apá òkè. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ bàbá náà. Ọ̀kan nínú wọn ti tẹ̀, kò sì rọrùn láti fa ìlà yí i ká.